"Ṣé Ẹ Dá Mi Mọ̀?"

Ọjọ́ kẹtàlélógún lẹ́yìn ìjàm̀bá náà ni ọkọ mi tó lajú wò mí dáadáa. Mo sún mọ́ ibùsùn, mo di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, mo ní, "Bàbá Ìbejì, ta ni mí?" Ó wò mí títí. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n bíi ti ọmọdé tó fẹ́ sunkún. Nígbà tí ohùn máa jáde, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe ìyàwó mi. Á ti máa wá mi kiri."

Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyàwó tó ní kí n bá òun pè, èmi náà ni. Mi ò mọ ibi tí mo ti fẹ́ lọ pè é wá.

Láti ọjọ́ yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mẹ́wàá tí mo fi ń bi í ní ìbéèrè kan náà. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Ilé pọ̀ tí irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ báyìí, tí aláìsàn dùbúlẹ̀, tí ará ilé àti ará àdúgbò yí i ká, tí wọ́n ń bi í pé, "Ta ni mí? Ṣé ẹ dá mi mọ̀?" Mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n ni.

Oṣù kẹwàá ọdún 2016 ni, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Iṣẹ́ wáyà iná ni ọkọ mi ń ṣe ní Ìbàdàn. Ó ti parí iṣẹ́ ọjọ́ náà ní Bódìjà, òjò ṣú, ó wá gun ọ̀kadà kí òjò má bàa ká a mọ́ ìta. Akoto kan ṣoṣo tó wà lára ọ̀kadà náà, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi í kọ́. Kò sí lórí ẹnì kankan. Nítòsí Mọ́kọ́lá, ọkọ̀ kan já wọlé láti ẹ̀gbẹ́, ó gbá wọn, orí ọkọ mi sì lọ bá etí gọ́tà. Ọlọ́kadà fi apá bó. Ọkọ mi kò dìde.

Àwọn mẹ́rin tó gbé e di apá, wọ́n di ẹsẹ̀, wọ́n ká a sí ẹ̀yìn takisí bí ẹni ká ẹní. Ọlọ́run á san wọ́n lóore, wọn ò fi í sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ́ mi lẹ́yìn náà ni pé ẹni tó bá forí sọlẹ̀, a kì í fà á dìde, a kì í gbé e jókòó, a kì í bu omi sí i lẹ́nu. Kí orí, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ wà ní gbọọrọ, bó bá sì di dandan láti gbé e, kí èèyàn púpọ̀ gbé e lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni gbé pákó. Nọ́ńbà 122 ni ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ọ̀fẹ́ sì ni. Ní ilé ìwòsàn aládàáni tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé, owó àsansílẹ̀ àti ìwé ọlọ́pàá ni wọ́n ń béèrè. Ó tó wákàtí méjì tó fi wà lórí bẹ́ǹṣì, tí àbúrò rẹ̀ ń pe gbogbo ẹni tó mọ̀ pé owó lè wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé òfin ìlera ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2014 sọ ọ́ kedere pé kò sí ilé ìwòsàn tó gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kó jẹ́ ìdí rẹ̀. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ké e sókè níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ̀ ọ́n kó tó di ọjọ́ tí ẹ máa nílò rẹ̀.

Nígbà tí a fi máa dé ilé ìwòsàn ńlá, ilẹ̀ ti ṣú. Dókítà kan tan iná sí i lójú, ó tẹ èékánná rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ohùn líle pe orúkọ rẹ̀. Ó wá sọ fún mi pé, "Méje ni." Òdiwọ̀n kan wà tí àwọn oníṣègùn ìlú Glasgow ní Scotland gbé jáde ní ọdún 1974. Wọ́n á wò ó bóyá ojú ń là, bóyá ẹnu ń fọhùn, bóyá ara ń mira, wọ́n á sì fún èèyàn ní máàkì. Ẹni tó jí pátápátá máa gba 15. Olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Lójú mi, 7 nínú 15, ọmọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdajì ni. Mo ní ó kù díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì ni nọ́ọ̀sì kan tó jókòó tì mí tó là mí lóye pé 3 ni ìsàlẹ̀ òdiwọ̀n náà, pé ẹni tí kò mira rárá, 3 náà ló máa gbà, àti pé láti 8 lọ sísàlẹ̀, ìpalára ńlá ni. Mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn.

Apá ọ̀tún ọpọlọ ló fara gbá jù, nítorí náà apá òsì ara ló rọ. Bí wọ́n ṣe dá wa nìyẹn: ọpọlọ ọ̀tún ló ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òsì, ti òsì ló ń darí ti ọ̀tún. Ìyẹn yé mi kíákíá. Èyí tí kò yé mi, tí ẹnikẹ́ni kò sì kìlọ̀ rẹ̀ fún mi, ni pé ọkọ mi ti gbàgbé pé ayé ní apá òsì.

Oṣù kìíní ọdún 2017 la dé ilé. Lọ́jọ́ kejì mo ro àmàlà, mo bu gbẹ̀gìrì àti ewédú lé e, mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún jẹ ẹ́ dé àárín àwo, ó dáwọ́ dúró, ó ní, "Ó ti tán. Kí ló dé tí oúnjẹ kéré báyìí nílé yìí?" Mo wo àwo. Ìdajì àmàlà wà níbẹ̀, lápá òsì, ó dúró ṣánṣán bí ohun tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé. Mo kọ́kọ́ rò pé inú ló ń bí i sí mi. Mo wá rọra yí àwo náà po, ìdajì tó kù bọ́ sí apá ọ̀tún. Ojú rẹ̀ là. "Ẹ̀hẹ́n, o ti bù kún un." Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ọwọ́.

Ó tó ọdún kan tí mo fi ń yí àwo. Bó bá fá irùngbọ̀n, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ló ń fá. Bó bá ń kàwé, láti àárín ìlà ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó wá ń ní ẹni tó kọ ìwé náà kò gbédè. A gbé rédíò sí apá òsì rẹ̀, a ní kí àwọn ọmọ máa gba ọ̀hún wọlé wá bá a, kí ọ̀rọ̀ máa pe ojú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tó ti gbàgbé. Díẹ̀díẹ̀ ni orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Ìtọ́jú ara, ojú lojú ń rí níbẹ̀. Nígbà tó ṣì dùbúlẹ̀ gbalaja, wákàtí méjì-méjì la ń yí i, tọ̀sán tòru. Mo yí aago fóònù sí agogo méjìlá, méjì, mẹ́rin. Egbò ìdùbúlẹ̀ kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Wọ́n á sọ fún yín pé kí ẹ máa wo ibi tó bá pọ́n. Lára dúdú bíi tiwa, ó lè má pọ́n o. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, ní ìbàdí, ní gìgísẹ̀, ní ìgbọ̀nwọ́. Bí ibì kan bá gbóná ju àyíká rẹ̀ lọ, tàbí tó le bí awọ ìlù, mi ò ní jẹ́ kó tún fara lé ibẹ̀. Apá tó rọ, a kò gbọ́dọ̀ fi fà á dìde láéláé, nítorí eegun èjìká lè yọ kúrò ní ààyè rẹ̀, aláìsàn lè má sì lè sọ fún yín. Ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọnú bí ẹni di owó mú; mo ká aṣọ ìnura kékeré, mo fi há àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kí èékánná má bàa dá egbò sí i. Bó bá fẹ́ jẹun, a gbọ́dọ̀ gbé e jókòó kó le tó, nítorí ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ kò tíì gbó, oúnjẹ lè gba ọ̀nà èémí lọ.

Àgbàlagbà kan nínú ẹbí mú ẹnì kan wá tó ń fọwọ́ ra eegun. Inú ire ni wọ́n fi mú un wá, mi ò jiyàn. Ó ti aṣọ bọ omi gbígbóná, ó ń fi tẹ apá òsì náà, ọkọ mi ń wò ó jẹ́jẹ́, ó tilẹ̀ ń dúpẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ara ti léròrò láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi tọ́jú rẹ̀. Apá tí kò mọ̀ pé iná ń jó òun, ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n fún un. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tó bá gbóná, èmi ni màá kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara mi kàn án.

Lásìkò yẹn, èrò ò dá nílé wa. "Ẹ kú ewu o, Ìyá Ìbejì. Ẹ kú oríire. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́." Mo ń dáhùn pé àmín, mo ń gbé omi, mo ń gbé àga. Kò sí ohun tí Yorùbá kò ní ìkíni fún. A ń kí ẹni tó jókòó, a ń kí ẹni tó dúró, a ń kí ẹni tí òjò pa. Bí ẹnì kan bá kú, a ní ẹ kú àṣẹ̀yìndè, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọkọ mi kò kú, nítorí náà ẹ kú ewu ló tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó máa ń pè mí ní àkókò ìsinmi iléèwé láti béèrè bóyá mo ti jẹun, tó mọ gbogbo ohun tí a jọ bá ara wa sọ láàárín òru fún ọdún mélòó kan, èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ó ti lọ. Mi ò lè sunkún rẹ̀ níta. Àìmoore ni wọ́n máa pè é.

Obìnrin kan la jọ máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì níbi tí a ti ń dúró de àwọn onífísíò, àwọn tó ń bá aláìsàn na apá àti ẹsẹ̀ tó rọ kó lè padà ṣiṣẹ́. Ọkọ tirẹ̀ náà ni. Lọ́jọ́ kan, láìwojú mi, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ọ̀fọ̀ ààyè ni tiwa." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sunkún lórí bẹ́ǹṣì náà títí tí wọ́n fi pe orúkọ wa, ó sì bá mi gbé ọ̀pá ọkọ mi dání. Bí ẹ bá mọ ẹnì kan tó wà nínú irú rẹ̀, ẹ kí i ní ẹ kú ewu, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ wá a lọ lẹ́yìn tí èrò bá túká, kí ẹ jẹ́ kó sunkún.

Ní ti iyè rẹ̀, kò kú tán. Ó mọ orúkọ ara rẹ̀. Ó mọ Ìsẹ́yìn, ìlú rẹ̀, ní àgbàlá-àgbàlá, ó mọ olùkọ́ tó nà án ní kíláàsì kẹta. Àwọn ọdún tó sún mọ́ wa ló lọ, ó tó ọdún mẹ́jọ. Ọdún 2007 la bí Táyé àti Kẹ́hìndé. Àwọn ìbejì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgétàgé ló wà nínú orí rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ náà wọ aṣọ iléèwé dúró níwájú rẹ̀, ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó wá bi mí pé àwọn ọmọ òun dà. Ohun tuntun kì í sì í dúró. Kó tó di ọ̀sán, ó lè béèrè ogún ìgbà pé, "Kí ló ṣe ẹsẹ̀ mi?" Dókítà ṣàlàyé fún mi pé ìrántí àtijọ́ ti gbẹ bí ilẹ̀ símẹ́ǹtì, kò rọrùn láti pa á rẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó sún mọ́ ọjọ́ ìjàm̀bá ṣì tutù nígbà tí ẹsẹ̀ bọ́ sí i. Ó ní bí ara bá ń yá, ọdún tó lọ lè máa dín kù. Ó rí bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún kan, ọdún mẹ́jọ ti di bíi mẹ́rin. Ó mọ̀ mí tán, ó mọ àwọn ìbejì. Àwọn ọdún tó ṣẹ́ kù kò padà.

Ṣùgbọ́n kó tó dìgbà yẹn, mo ti fìyà jẹ ẹ́. Olùkọ́ ni mí, ìdánwò ni iṣẹ́ mi. Mo lẹ fọ́tò mọ́ ògiri, mo fún wọn ní nọ́ńbà. Láràárọ̀, kó tó mu ẹ̀kọ, "Ta ni nọ́ńbà kìíní? Ọdún wo la ṣe ìgbéyàwó? Oṣù wo la wà yìí?" Bó bá ṣì í, mo ń mi orí, mi ò mọ̀ pé mò ń mi orí. Ó débi pé bó bá ti gbọ́ ìró sálúbàtà mi, òógùn ti ń bò ó. Lọ́jọ́ kan, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbá gbogbo fọ́tò náà sílẹ̀, ó ní, "Mi ò lọ iléèwé yín mọ́."

Àwọn àlejò ṣe é jù mí lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wọlé, ó dúró sáàárín pálọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ọ̀rẹ́, ṣé o dá mi mọ̀?" Mo fẹ́ sọ orúkọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ dá mi dúró: "Rárá, ẹ má sọ fún un, ẹ jẹ́ kó rántí fúnra rẹ̀." Ìfẹ́ ló mú un sọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi wò ó, ó wo ògiri, ó wá dorí kodò bí ẹni tí wọ́n mú níbi tó ti ń jalè. Ọkùnrin tó tún iná gbogbo àdúgbò ṣe, tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Lẹ́yìn tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ, ó gbàgbé pé ó wá, ṣùgbọ́n ìtìjú yẹn kò kúrò lójú rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ọ̀rọ̀ lè lọ kúrò nínú orí, kí ohun tí ọ̀rọ̀ náà ṣe sí ọkàn ṣì wà níbẹ̀.

Onífísíò tó ń wá sílé wa kì í bi í léèrè ohunkóhun. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń sọ pé, "Ẹ káàárọ̀ sà. Èmi onífísíò yín ni mo dé, ẹsẹ̀ yín ni mo wá bá ṣiṣẹ́." Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, oṣù lórí oṣù. Ọjọ́ kan ló wọlé, kò tíì la ẹnu, ọkọ mi ní, "Ẹ káàbọ̀. Ẹsẹ̀ lónìí àbí ọwọ́?" Mo wà nínú kíṣìnnì, mo di etí ilẹ̀kùn mú. Èmi tí mo ń bi í láràárọ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n bó bá rí mi. Ẹni tí kò bi í rí, ó ń retí rẹ̀.

Mo já gbogbo fọ́tò náà lára ògiri lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo kó àwọn ọmọ jọ, mo ní láti òní lọ, ẹni tó bá wọlé, kó sọ orúkọ ara rẹ̀ àti ohun tó jẹ́ fún Bàbá. Àlejò tó bá dé ẹnu ọ̀nà, mo ń sọ fún un kó tó bọ́ bàtà: ẹ má bi í bóyá ó mọ̀ yín, ẹ jẹ́ kó mọ̀ yín.

Ìdòwú ni mo ń bẹ̀rù jù. Ọdún 2014 la bí i, inú àwọn ọdún tó lọ ni gbogbo ayé rẹ̀ wà. Bí bàbá rẹ̀ bá rí i, á ní, "Ọmọ ta nìyí?" ọmọ náà á sì bú sẹ́kún. Mo kọ́ ọ pé kó máa sọ pé, "Bàbá mi, èmi Ìdòwú nìyí." Ó sọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan, ó fara mọ́ orúnkún mi. Ọkọ mi dákẹ́. "Ìdòwú." Ó nawọ́ ọ̀tún, ó ń ka ìka rẹ̀. "Táyé. Kẹ́hìndé. Ẹ̀yìn ìbejì ni Ìdòwú ń wá." Ó gbójú sókè sí mi. "Tèmi ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fa ọmọ náà mọ́ra, ó fi imú sí i lórí bí ìgbà tí èèyàn bá ń gbọ́ òórùn ọmọ ìkókó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti gbàgbé. Ìdòwú tún sọ orúkọ, ó tún ka ìka, ó tún dé ibẹ̀. Ìrántí kò sí, orúkọ ló ń mú un rìn ọ̀nà náà lójoojúmọ́.

Bàbá ọkọ mi kú ní ọdún 2013. Èyí náà ti lọ. "Bàbá ńkọ́? Wọn ò tíì wá wò mí." Ìgbà àkọ́kọ́, mo sọ òótọ́ fún un. Ó ké bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́, nítorí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ni. "Ta ló sin wọ́n? Ṣé mo wà níbẹ̀?" Òun ló gbé orí pósí. Lẹ́yìn wákàtí kan ó ti gbàgbé. Lálẹ́, ó tún béèrè. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pa bàbá náà fún un.

Ìyá ọkọ mi wá láti Ìsẹ́yìn. Ọkọ mi bi Màmá náà pé Bàbá ńkọ́. Màmá kò mikàn. Wọ́n ní, "Bàbá ẹ wà nílé." Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ bá mi kí wọn." Mo gbọ́ ọ, ara mi kọ́kọ́ bù máṣọ, mo ní irọ́ rèé. Ṣùgbọ́n irọ́ kọ́. Iwájú ilé wọn ní Ìsẹ́yìn la sin Bàbá sí, ẹ̀gbẹ́ ibojì wọn la ń gbà kọjá ká tó wọlé, Màmá sì ń kí wọn láràárọ̀. Bàbá wà nílé. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé òótọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́ lójú ẹni gbogbo. Bí ara rẹ̀ bá le, tó bi mí tààrà pé, "Ṣé wọ́n ti kú ni?", mo ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mo ń jókòó tì í. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ńkọ́ ló béèrè, wọ́n wà nílé.

Dókítà sọ fún mi nípa ọmọ Amẹ́ríkà kan, Henry Molaison, tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ fún ní ọdún 1953 nítorí wárápá. Láti ìgbà náà títí tó fi kú ní ọdún 2008, ohun tuntun kì í dúró nínú iyè rẹ̀. Onímọ̀ kan, Brenda Milner, ní kó máa ya àwòrán ìràwọ̀, kó jẹ́ inú dígí nìkan ni yóò ti máa wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é, ọwọ́ rẹ̀ ń já gaara sí i lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò rántí pé òun ṣe é rí. Ibi tí ọpọlọ ń kó iṣẹ́ ọwọ́ sí yàtọ̀ sí ibi tó ń kó ìtàn sí. Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí ilé ahunṣọ ni wọ́n bí ọkọ mi sí. Kó tó mọ̀wé, ó ti mọ òfì.

Nígbà ìsinmi Àjíǹde ọdún 2018, a gbé e lọ sí Ìsẹ́yìn. Ó ti ń fi ọ̀pá rìn nígbà náà. A gbé e jókòó sídìí òfì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, sányán ló wà lórí rẹ̀. Ó wo òwú fún ìgbà díẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dìde fúnra rẹ̀, ó mú ọ̀kọ̀, igi tí ahunṣọ fi ń ju òwú láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, ó jù ú. Ọwọ́ òsì kò mú un, ọ̀kọ̀ bọ́ sílẹ̀. Kẹ́hìndé lọ jókòó sí apá òsì bàbá rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Bàbá ń jù ú, ọmọ ń gbà á, ọmọ ń dá a padà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún bàbá ń tẹ ìtẹsẹ̀ kan, ọmọ ń tẹ èkejì. Ó ya, ó já, wọ́n so ó. "Má dì í mú, jẹ́ kó sáré," ó ń sọ fún un, ohùn rẹ̀ sì ni ohùn tó máa ń fi bá àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nídìí wáyà, ohùn tí mo ti gbà pé mi ò ní gbọ́ mọ́. Lálẹ́, mo ṣi ẹnu, mo bi í ohun tó ṣe lójúmọmọ. Ó ní òun sùn. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí itan, ó ń lọ, ó ń bọ̀.

Nǹkan kan wà tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Òru kan lẹ́yìn tí a dé láti Ìsẹ́yìn, ó tọ̀ sára ẹ̀ẹ̀mẹta, mo ní ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì láti máàkì, ó sì ń béèrè, "Kí ló ṣe ẹsẹ̀ mi?" Mo kígbe mọ́ ọn. Mo ní ǹ bá mọ̀ ni, ǹ bá ti máa lọ. Ó fi ọwọ́ bo ojú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kí mi, ó bi mí bóyá mo sùn dáadáa. Ó ti gbàgbé. Èmi kò gbàgbé. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń bi mí pé kí ni mo ṣe. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo pe àbúrò rẹ̀, mo ní kó máa wá sùn tì í ní alẹ́ Ọjọ́ Jímọ́ àti Àbámẹ́ta. Ó yẹ kí n ti bẹ̀ ẹ́ ní ọdún kan sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé ó ti sú yín bí ẹ kò bá sọ ọ́ jáde lẹ́nu.

Ó ń yí òwú báyìí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n ń kó o wá láti Ìsẹ́yìn nínú àpò, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń yí kẹ̀kẹ́, Ìdòwú ń bá a di òwú mú lápá òsì bó bá ti iléèwé dé. Ìdòwú pé ọmọ ọdún 10 ní ọdún 2024. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn, mò ń ṣa ẹ̀fọ́ lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò wọ́n. Òwú àlàárì ni. Ó fẹ́ takókó, Ìdòwú tú u, ó tún un fà kó le díẹ̀ kí bàbá rẹ̀ tó sọ̀rọ̀.

Ọkọ mi dá kẹ̀kẹ́ dúró. "Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń di òwú mú?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Èmi Ìdòwú nìyí."

Ó wo ọwọ́ ọmọ náà, ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Mo kọ́ ẹ dáadáa," ó sì tún ń yí kẹ̀kẹ́ lọ.